Omi Kan fún Abẹ Méjì

Gbé e súnmọ́ mi, Ràfíù. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́, ọwọ́ ni mo fi ń wo nǹkan. Ẹ̀yin yòókù, ẹ jókòó, ẹ yéé dúró lé mi lórí bí ọlọ́pàá. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wo nǹkan: àpótí igi kékeré, aṣọ àrán nínú ẹ̀, abẹ kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀ bí ọmọ ọba. Ràfíù yìí, ọmọ ọmọ mi tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé lánàá, ló rà á. Ó ní arúgbó òyìnbó kan ló fi ọwọ́ ara ẹ̀ rọ ọ́, pé kì í ṣe ẹ̀rọ ló ṣe é. Nígbà tó dárúkọ iye tó rà á, ìyá ẹ̀ káwọ́ lérí. Òun náà wá kúnlẹ̀ síwájú mi, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fárí gbogbo Ìlọrin rí, ẹ bá mi wò ó. Ṣé ó tó owó ẹ̀?"

Háà! Ẹ ò mọ ohun tí ẹ ń bi mí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n bi mí ní ìbéèrè yìí rí ní gbangba, níwájú gbogbo onígbàjámọ̀ àdúgbò wa, mo sì dáhùn. Ìdáhùn ọ̀hún ló pa iná alágbẹ̀dẹ kan tí kò sí irú ẹ̀ mọ́ nílùú yìí. Mo ti ń gbé e kiri nínú ikùn láti ìgbà tí eyín ti pé lẹ́nu mi títí wọ́n fi bọ́ tán. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, ká tó dé orí abẹ Ràfíù.

Ìgbà tí mo ń wí yìí, òyìnbó ti gba ìlú, ṣùgbọ́n kò tíì wọ yàrá wa. Ajẹ́lẹ̀ wọn wà lọ́hùn-ún, àwa wà níhìn-ín. Rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Níbi tí ẹ ń pè ní Post Office lónìí, tí ẹ ò lè fẹsẹ̀ rìn kọjá nítorí mọ́tò, oko àgbàdo ni mo mọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá jí láàárọ̀, ohùn tí ẹ máa gbọ́ ò ju ti ládàánì lọ, ti odó, ti ọmọ kéwú, àti ti owú alágbẹ̀dẹ. Àwọn ohùn yẹn ni aago wa. Ẹ̀yin ń bú wa pé a ò ní aago, ṣùgbọ́n a kì í pẹ́ dé ibi kankan, ẹ̀yin tẹ́ ẹ so ó mọ́ ọwọ́ lẹ̀ ń pẹ́.

Onígbàjámọ̀ ni mí. Àwọn kan nínú yín ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rò pé bíi ti àwọn ọmọ tó ń fi ẹ̀rọ gé yín lórí ní Ọ̀fà Garage ni, tí rédíò ń pariwo, tí wọ́n ń jẹ gúgúrú sí yín lọ́rùn. Nígbà tiwa, ìlú ò lè ṣe nǹkan kan láìsí wa. Wọ́n bímọ, ọjọ́ kẹjọ pé, Àáfà á pe orúkọ sí ọmọ létí, wọ́n á dúńbú àgbò, èmi ni màá wá fá irun tó bá a wá sáyé. Wọ́n fẹ́ gbéyàwó, èmi ni. Ọmọ parí Kùránì, ó fẹ́ ṣe wọ̀límọ̀, èmi ni. Ẹ̀jẹ̀ dídì ń yọ bàbá kan lẹ́nu, èmi ni màá gbé ìwo wá tí màá fi fà á jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ńkọ́? Kò sí ọkùnrin gidi tó jẹ́ gbé irun lọ sí mọ́ṣáláṣí. Wọ́n á tò sábẹ́ igi ọ̀dán wa láti òwúrọ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ máa gbọ́ abẹ bíi mẹ́fà, fáà, fáà, fáà, bí ẹran tó ń jẹ koríko tútù. Mo fẹ́ràn ohùn yẹn. Mo ṣì ń gbọ́ ọ lójú oorun.

Abẹ tí gbogbo wa ń lò, ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ti ń wá. Bàbá Àmọ́dù ni wọ́n ń pè é, Bàbá Àmọ́dù Alábẹ. Alágbẹ̀dẹ pọ̀ nílùú, wọ́n ń rọ ọkọ́, wọ́n ń rọ àdá, ṣùgbọ́n abẹ nìkan ni tirẹ̀. Kúkúrú ni, ó pupa, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó ní, Bàkárè, géńdé tó ti gbéyàwó tó ti bímọ méjì, òun ló ń fẹ́ ẹwìrì fún un, òun ló sì ń bá a gbé owú ńlá nítorí apá ọ̀tún bàbá ti ń dùn ún. Irin ilẹ̀ wa, èyí tí wọ́n yọ́ láti inú òkúta, ni Bàbá Àmọ́dù ń lò. Á fi í sínú iná, á lù ú, á dá a padà, á tún lù ú. Wọ́n ní alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ohun tí bàbá yẹn ń fà yọ, láti ìgbà tí oṣù bá ti lé títí tí òmíràn yóò fi lé ni, abẹ kan ṣoṣo. Á tì í bọ inú òrí yíyọ́ nígbà tó bá ṣì pọ́n, á ní ṣàààà, òórùn ẹ̀ á gba gbogbo agbo ilé. Lẹ́yìn náà ni yóò jókòó ti òkúta, yóò máa lọ̀ ọ́, yóò máa lọ̀ ọ́. Ẹ̀yin náà mọ ìtàn tí wọ́n máa ń sọ, pé òkúta tí wọ́n fi ń lọ irin ni wọ́n fi sọ ìlú yìí lórúkọ. Ìlú tó torí irin lílọ̀ jórúkọ, ẹ wá ẹni tó lè pọ́n abẹ níbẹ̀ lónìí kẹ́ ẹ mú un wá bá mi.

Àgbò iléyá kan ni iye abẹ kan. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lanu. Ọdún méjì ni mo fi tu owó jọ kí n tó ra tèmi, ìyàwó mi ò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí Bàbá Àmọ́dù ṣe ń tà á. Kò ní gbé abẹ lé ọ lọ́wọ́ kó ní ó dáa. Á jókòó sórí àpótí, á ṣí fìlà, á ní, "Ó yá, fá mi." Orí òun alára ni wàá fi dán an wò. Bó bá ta á, bó ṣe bí ìgbà tí èèrà géni jẹ báyìí, á gbà á lọ́wọ́ ẹ, á jù ú padà síná. Iṣẹ́ oṣù kan gbáko! Mo ti rí i tó jù ú síná lẹ́ẹ̀mejì lójú mi, Bàkárè ń sunkún, bàbá ò ṣẹ́jú. Nítorí náà, orí Bàbá Àmọ́dù máa ń dán ni nígbà gbogbo. Ìlú mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá rí i tí irun ti ń hù lórí ẹ̀, wọ́n á ní, "Háà, ọjà bàbá ò tà lóṣù yìí."

Kí n sọ ti ọdún iléyá kan fún yín. Mo ń fá alápatà kan lórí, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn, àgbò ẹ̀ wà lórí ìso lẹ́yìn mi. N ò mọ ohun tó bí àgbò ọ̀hún nínú. Ó já okùn, ó kàn mí ní ìdí gbì! Èmi àti alápatà, a jọ yí sílẹ̀ ni, abẹ fò lọ sórí òkúta, ó dún gbangan. Mo figbe ta. Àwọn èèyàn sáré wá, wọ́n ń tú mi láṣọ, wọ́n ń wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde. Mo ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀, abẹ mi! Abẹ mi ni kẹ́ ẹ wò!" Wọ́n gbé e wá. Kò fọ́, kò yẹ̀, ẹnu ẹ̀ ò ṣẹ́ rárá. Mo nu ún, mo fi parí orí alápatà, a jọ lọ sí yídì. Àgbò yẹn, a jẹ ẹ́ tìbínú tìbínú lọ́dún yẹn.

Ìgbà tí rélùwéè dé ni abẹ òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sílẹ̀. Ó ń dán, ó ní èkù dúdú tó ń ká pọ̀, ó wà nínú páálí. Adìẹ kan lásán ni iye ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ onígbàjámọ̀ kọ́kọ́ ń rà á ní kọ̀rọ̀, nígbà tó yá wọ́n ń mú un jáde lábẹ́ igi. Ìjà bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní kí ló dé tí a ó fi máa gbé àgbò fún ohun tí adìẹ lè rà. Àwọn kan ní aláìmoore ni wọ́n. Oṣù mẹ́ta kọjá, ẹnikẹ́ni ò ra abẹ lọ́wọ́ Bàbá Àmọ́dù, irun sì ń hù lórí bàbá.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan báyìí, olórí ẹgbẹ́ wa pe gbogbo wa sábẹ́ igi ọ̀dán. Ó ní, "A ò lè máa jà lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ ká fi orí èèyàn dá a. Apá kan fún abẹ Bàbá Àmọ́dù, apá kan fún abẹ òyìnbó. Bí ti bàbá bá dáa jù, ẹnikẹ́ni nínú wa ò gbọdọ̀ ra ti òyìnbó mọ́. Bí wọ́n bá dọ́gba, kí oníkálùkù ra èyí tí apá ẹ̀ bá ká." Ó wá nawọ́ sí mi, ó ní èmi ni kí n fá a. Èmi ni wọ́n ń pè ní Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ nígbà yẹn. Inú mi dùn, n ò ní purọ́ fún yín. Mo ti wọ bùbá funfun wá.

Bàkárè dìde nínú èrò. Ó kí wa, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú sí mi. Mo ní ìyàwó, mo lọ́mọ. Àwọn tó ń la ojú irin kọjá Jẹ́bà ń wá ẹni tó mọ irin lù, wọ́n ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ ẹ bá máa ra abẹ bàbá mi, n ò lọ ibì kankan, màá kú sídìí ẹwìrì yìí. Bẹ́ ẹ ò bá rà mọ́, ẹ jẹ́ kí n mọ̀ lónìí."

Bàbá ẹ̀ jókòó sórí gbòǹgbò igi, ó ń wo ilẹ̀. Gbogbo wa mọ̀ pé láìsí Bàkárè, apá bàbá ò lè gbé owú ńlá. Bí ọmọ bá lọ, iná kú nìyẹn.

Ahunṣọ kan tó ń jẹ́ Jímọ̀ ló yá wa ní orí ẹ̀. Irun ẹ̀ le bí ẹ̀gún, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n nínú wa, nítorí ó ti ba abẹ àwọn ọmọ iṣẹ́ jẹ́ rí. Ó jókòó, ó ṣí fìlà, ó ní, "A kì í fárí lẹ́yìn olórí, èmi rèé o. Ẹ rọra! Orí kan ṣoṣo ni mo ní, ìyàwó méjì ló sì ń pín in." Èrò rẹ́rìn-ín títí.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí yìí. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ onígbàjámọ̀, kó tó fọwọ́ kan abẹ, omi ni. Irun tó bá mu omi yó, ọmọ ọwọ́ lè fi ìkarahun ìgbín fá a. Irun tí omi ò tíì wọ̀, abẹ gidi nìkan ló lè lọ níbẹ̀. Nítorí náà, bí o bá fẹ́ dán abẹ méjì wò lórí kan, apá kan ni wàá kọ́kọ́ bomi sí, wàá fá a tán, kí o tó bomi sí apá kejì. Kò sí onígbàjámọ̀ tí kò mọ̀ ọ́n. Èmi mọ̀ ọ́n kí n tó hu irùngbọ̀n.

Kí ni mo ṣe? Mo gbé igbá omi, mo da á sí gbogbo orí Jímọ̀, mo fi ọṣẹ ra á yíká bí mo ṣe máa ń ṣe fún oníbàárà lójoojúmọ́. Ojú èrò wà lára mi, bùbá funfun wà lọ́rùn mi, ọwọ́ mi kàn ń ṣe ohun tó mọ̀ ní ṣíṣe. Mo wá ní kí a fi ti àgbà ṣáájú. Ta ló máa ní kí ọmọdé jẹun ṣáájú àgbà? Apá ọ̀tún náà la sì máa ń bẹ̀rẹ̀, súnà ni. Nítorí náà mo gbé abẹ Bàbá Àmọ́dù lé apá ọ̀tún orí Jímọ̀ nígbà tí omi ò tíì ju ojú irun lọ. Ọ̀wọ̀ ni mo rò pé mo ń ṣe fún bàbá.

Ó fá a. Abẹ yẹn fá irun líle bẹ́ẹ̀ láìsí omi nínú ẹ̀, Jímọ̀ ò sì mira. Ó gba àsìkò díẹ̀, ó dún fáá fáá, ṣùgbọ́n ó mọ́ kedere. Bí mo ṣe gbé e sílẹ̀ pé kí n mú tòyìnbó, Àáfà àgbà kan tó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí yà sọ́dọ̀ wa. Ó rí orí Jímọ̀. Ó ní, "Súbúhànàlláhì! Kí lẹ̀ ń ṣe fún ẹrú Ọlọ́run? Ẹ ò mọ̀ pé wọ́n kọ̀ ọ́, kí èèyàn fá apá kan orí kó dá apá kan sí?" A ní a ò tíì parí ni. Ó ní kò gbà, ó bẹ̀rẹ̀ wáàsí. Olórí ẹgbẹ́ ń bẹ̀ ẹ́, Jímọ̀ ń pariwo pé, "Àáfà, ẹ jẹ́ kí wọ́n fá èyí tó kù o, tàbí kẹ́ ẹ dá èyí tí wọ́n ti fá padà!" Àwọn ọmọdé ti ń kọrin Aláàbọ̀-orí. Gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín. Omi ọṣẹ náà ń wọ irun apá òsì lọ ní tirẹ̀.

Nígbà tí Àáfà lọ, mo gbé abẹ òyìnbó lé apá òsì. Ó yọ̀ lọ bí ẹni ń fọwọ́ ra òrí. Ọwọ́ mi mọ̀ kí èmi tó mọ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé, omi! Ìwọ ọkùnrin yìí, omi!

Mo lè dúró. Mo lè sọ pé, "Ẹ gbà mí, mo ti ṣe àṣìṣe, ẹ jẹ́ ká wá orí míì." Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti dé ẹnu mi. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ iṣẹ́ wà níbẹ̀ tí mo máa ń gbá létí bí wọ́n bá gbàgbé omi. Ó máa di pé Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ gbàgbé ohun tí ọmọ ọdún méje mọ̀. Ojú tì mí. Ìtìjú lásán ni, ẹ má wá nǹkan míì lẹ́yìn ẹ̀. Mo fá a tán, mo nu orí Jímọ̀, àwọn èèyàn ń fọwọ́ pa á lápá méjèèjì. Olórí ẹgbẹ́ ní, "Ó yá, sọ fún wa. Ṣé ti Bàbá Àmọ́dù tó owó ẹ̀?"

Mo ní, "Wọ́n dọ́gba."

Wọ́n ní ẹnu ará Ìlọrin dùn ju iyọ̀ lọ. Ẹ wo ohun tí ẹnu tèmi ṣe. Ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, ó ti fọ́. Àwọn ọ̀dọ́ hó yèè. Bàbá Àmọ́dù dìde lórí gbòǹgbò. Ó rìn wá síbi igbá omi, ó wò ó, ó tẹ ìka bọ orí Jímọ̀ lápá òsì níbi tí ọṣẹ ṣì kù sí lẹ́bàá etí, ó fi ìka ra ìka. Ó wá wò mí. Ó mọ̀. Mo sì mọ̀ pé ó mọ̀. Mo ń dúró kó sọ ọ́, mo fẹ́ kó sọ ọ́, Wàlláhì, bó bá sọ ọ́ màá jẹ́wọ́. Ó ní, "Ẹ ṣeun. Mo dúpẹ́." Ó gbé abẹ ẹ̀, ó lọ sílé.

Bàkárè ló wá bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó di ọwọ́ mi mú, ojú ẹ̀ kún fómijé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ẹ tú mi sílẹ̀." Mo ní àmín. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ: mo ní àmín! Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ó ti kó ìyàwó àti ọmọ, ó bá wọn kọjá Jẹ́bà. Ó ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan pé àlàáfíà ni àwọn wà. Lẹ́yìn ìyẹn, a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ títí dòní.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí Bàkárè lọ, mo jí, mo gbọ́ ládàánì, mo gbọ́ odó, mo gbọ́ ọmọ kéwú. Mo dúró kí n gbọ́ owú. N ò gbọ́. Ìyàwó mi ní, "Kí lo ń fetí sí?" Mo ní kò sí nǹkan.

Àwọn abẹ òyìnbó ọ̀hún ńkọ́? Kí ọdún Ìtúnu méjì tó kọjá, ẹnu wọn ti kú. A pọ́n wọn, wọn ò gbà. Wọ́n ń ta ọmọ tuntun lórí, mo sì ń gbọ́ ẹkún ọmọ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ohun tí n kì í gbọ́ tẹ́lẹ̀. A lọ ra òmíràn, adìẹ kan, ẹ̀ẹ̀kan sí i, adìẹ kan. Bẹ́ ẹ bá kó àwọn adìẹ yẹn jọ, agbo àgbò ni. Nígbà tó yá, abẹ fẹ́lẹ́ dé, èyí tí wọ́n ń lò tí wọ́n ń sọ nù. Nígbà tó tún yá, ẹ̀rọ dé. Àwọn ọmọ mi ò kọ́ṣẹ́ mi, n ò sì bẹ̀ wọ́n. Kí ni mo fẹ́ kọ́ wọn? Omi?

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bí ọdún kan lẹ́yìn tí Bàkárè lọ, mo jókòó sábẹ́ igi ọ̀dán lémi nìkan. Mo rí arúgbó kan tó ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀. N ò kọ́kọ́ dá a mọ̀. Irun ló kún orí ẹ̀, funfun báláú, ó bò ó létí. Bàbá Àmọ́dù ni. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí mi, ó tú aṣọ kékeré kan, ó yọ abẹ kan jáde. Ó ní, "Mo ti ń rọ ọ́ láti ìgbà tọ́mọ ti lọ. Owú kékeré ni mo fi lù ú. Ọwọ́ òsì ni. Ó pẹ́. Fá mi."

Mo na ọwọ́ sí igbá omi. Ó gbá ọwọ́ mi kúrò níbẹ̀. Ó ní, "Fi omi sílẹ̀."

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo fá orí bàbá yẹn ní gbígbẹ. Irun ọdún kan, láìsí omi, láìsí ọṣẹ. Ó ń bọ́ sílẹ̀ bí òwú. Kò ta á. Nígbà tí mo parí, orí ẹ̀ ń dán bíi ti àtijọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó wá gbójú sókè, ó bi mí, jẹ́jẹ́ ni o, kò fi ìbínú bi mí. Ó ní, "Ṣé wọ́n dọ́gba?"

Mo ń wo irun nílẹ̀. Bó bá ṣe pé mo dọ̀bálẹ̀ nígbà yẹn ni, bó bá ṣe pé mo sunkún, bóyá á gbé ọwọ́ lé mi lórí. N ò ṣe ọ̀kankan. Ó dúró dè mí títí, ó wá fi abẹ náà lé mi lọ́wọ́, kò bèèrè àgbò, kò bèèrè adìẹ. Ó dé fìlà, ó lọ. Kí iléyá tó dé, a ti sin ín. Àwa onígbàjámọ̀ la gbé e, ọmọ ẹ̀ ò sí níbẹ̀. Àgbẹ̀dẹ wó lójò ọdún kejì.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í tún nǹkan ṣe. Àwọn kan máa ń wá síbí wá sọ pé òyìnbó ló pa iṣẹ́ wa, rélùwéè ló pa á. Mo máa ń mi orí fún wọn. Òyìnbó ò sí lábẹ́ igi ọ̀dán lọ́jọ́ yẹn. Igbá omi wà lọ́wọ́ tèmi. Ẹ sì wo bí ayé ṣe rí: àwọn òyìnbó tó fi abẹ olówó adìẹ lé bàbá wa nídìí iná, wọ́n tọ́jú bàbá tiwọn sídìí iná tirẹ̀, Ràfíù wá lọ fi owó rẹpẹtẹ ra tirẹ̀ wá han mí.

Gbà, mú abẹ ẹ. Mo ti fi fá irun apá mi níbi tí ẹ̀ ń gbọ́ ìtàn, ẹ ò rí mi. Ó dáa. Ẹni tó ṣe é mọ irin. Bí mo bá lè bá a sọ̀rọ̀, n ò ní bi í ní iye, màá bi í bóyá ó lọ́mọ tó ń fẹ́ ẹwìrì fún un. Má bi mí bóyá ó tó owó ẹ̀. Ẹnu mi ò yẹ fún ìdájọ́ abẹ mọ́.

Abẹ Bàbá Àmọ́dù wà nísàlẹ̀ àpótí mi, nínú aṣọ tó fi wé e wá. Mú un jáde, Ràfíù. Rọra, ó ṣì mú. Láti ọjọ́ yẹn, n ò fi fá orí ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ tó lè lò ó ti gbọ̀n tán, ẹ̀yin ò sì mọ̀ ọ́n lò, bí mo bá kú ẹ ó fi gé ilá. Gbé e lé mi lórí itan. Bẹ́ẹ̀. Gbé tìrẹ náà síbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ fún mi láyè díẹ̀, ẹnì kan bi mí ní ìbéèrè láti ọjọ́ yìí, n ò tíì dá a lóhùn.

Wọn ò dọ́gba, Bàbá. Omi ni.